Ìbéèrè Tí Wọ́n Fi Tọ́ Àbúrò Mi Dàgbà

Ọmọ Dókítà ni wọ́n ń pe àbúrò mi ládùúgbò wa. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ. Awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù ni bàbá wa, kí ó tó wa ọkọ̀ ọ̀hún lọ tí a ò rí i mọ́. Ohun tó fa orúkọ náà ni pé nígbà tí oyún àbúrò mi wà nínú màmá wa, àwọn olùwádìí kan wá láti yunifásítì sí ilé ìgbẹ̀bí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ohun tó ń fa àrùn ọpọlọ láwùjọ, ìdí tí orí ọmọ kan fi máa ń dàrú tó bá dàgbà, tí ti ẹnì kejì tí wọ́n jọ bí lọ́dún kan náà kì í sì í dàrú. Wọ́n ní aláboyún tó bá gbà, àwọn á máa tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ láti inú oyún títí yóò fi hewú. Màmá mi gbà kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ débẹ̀. Títí di ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó bi obìnrin náà ní ohunkóhun rí, àfi pé oúnjẹ dà.

Èmi ti ń lọ síléèwé nígbà náà. Ọmọ tó ti wà nílẹ̀ kò wúlò fún ìwádìí wọn, nítorí náà kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé èmi. Mo jowú, mi ò ní parọ́. Obìnrin kan ni wọ́n máa ń rán wá sílé wa, a sì sọ ọ́ ní Ìyá Ìbéèrè. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń so okùn mọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Bó bá dé, yóò kí gbogbo wa, yóò rẹ́rìn-ín sí mi, yóò sì ní kí n jọ̀ọ́, kí n jáde síta. Àbúrò mi tí kò tíì lè nu imú ara rẹ̀ ló wá rí.

Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ o. Wọ́n wọn orí ọmọ náà, wọ́n wọn apá rẹ̀. Wọ́n bèèrè iye èèyàn tó ń sùn nínú yàrá kan. Wọ́n bèèrè bóyá bàbá wa máa ń pariwo, bóyá ó máa ń na màmá wa, bóyá màmá wa máa ń sunkún tó bá ku òun nìkan. Nígbà tí bàbá wa lọ, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí òrùlé wa ń jò sórí ibùsùn ọmọ, wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀, Ìyá Ìbéèrè tiẹ̀ sún àga rẹ̀ kí omi má baà kán sí bébà rẹ̀. Gbogbo ohun tó lè ba ọmọ jẹ́ ni wọ́n mọ̀, wọ́n sì jókòó tì í kí wọ́n lè wò ó bóyá yóò bà á jẹ́.

Màmá wa kò rí i bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ti yunifásítì wá, tó gbé báàgì dúdú, tó ń bèèrè bí ara ṣe rí, dókítà ni. Ẹni tí dókítà bá sì ń bẹ̀ wò nílé, ìtọ́jú ló ń gbà. Ìyá Ìbéèrè sọ fún un lọ́pọ̀ ìgbà pé, "Mà, àwa kì í tọ́jú èèyàn o, a kàn ń bèèrè ni." Màmá mi á ní òun ti gbọ́, lẹ́yìn náà á lọ sọ fáwọn aládùúgbò pé ọmọ òun ń bẹ lọ́wọ́ dókítà. Ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe kejì ló wá burú jù. Nígbà tí àbúrò mi gbọ́njú díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń bi, màmá wa á sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà àkọ́kọ́, Ìyá Ìbéèrè bi í pé, "Ṣé o máa ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́?" Ọmọ náà ronú, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ wọn ni pé tí èèyàn bá ní rárá, wọ́n á fò lọ síbòmíràn, ṣùgbọ́n tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìbéèrè míràn á máa tú jáde lábẹ́ rẹ̀: ṣé ohùn ọkùnrin ni àbí ti obìnrin, ṣé ó ń bú ọ, ṣé ó ń pàṣẹ fún ọ, ṣé o máa ń dá a lóhùn. Àwọn ọmọ ládùúgbò tí wọ́n jọ wà nínú ìwádìí náà ti ṣe tiwọn tán, wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù níta, àbúrò mi ṣì wà lórí àga. Òógùn bo màmá wa. Lójú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò.

"Kí ló dé tí o fi sọ bẹ́ẹ̀?" ó bi í nígbà tí obìnrin náà lọ tán.

"Wọ́n bi mí ni."

"Tí wọ́n bá tún bi ọ́, rárá ni kí o wí. Ọmọ gidi, rárá ló máa ń wí. Ṣé o ò rí i pé àwọn tó ní rárá ti lọ ṣeré?"

Màmá wa kì í ṣe ìyá burúkú. Ẹ̀rù ló ń bà á, mo sì mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, nítorí àwọn àgbà ti sọ ọ́ kalẹ̀: wèrè dùn ún wò, kò dùn ún bí lọ́mọ. Láti ọjọ́ yẹn, bí Ìyá Ìbéèrè bá fẹ́ dé, ilé wa á di iléèwé. Màmá wa á gbé gíláàsì àtijọ́ tí bàbá wa gbàgbé sílẹ̀ sójú, á jókòó síwájú ọmọ, á sì bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé o máa ń rò pé àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ lẹ́yìn?"

"Rárá."

"Má yára jù. Wọ́n á mọ̀ pé o há a sórí ni. Ronú díẹ̀ kí o tó ní rárá."

Ẹ̀rín máa ń pa mí nígbà yẹn. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n débi pé ó mọ ibi tó yẹ kó ti wúkọ́, ó mọ ibi tó yẹ kó ti rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ìbéèrè yà lẹ́nu. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá ló ń yege. Màmá wa á ra ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò fún un, èmi á sì bá a fọ ife.

Nígbà tí a dàgbà, mo kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, mo ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí ilé. Àbúrò mi kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ó sì mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ayé ń lọ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, tó ní kí n dákun wá wo àbúrò mi. Mo bá a níbi tó ti gbé etí lé pákó. Ó fà mí lọ́wọ́.

"Àǹtí, ẹ gbọ́."

Mo gbé etí lé pákó náà, nítorí àbúrò mi ni. Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó fi àánú wò mí.

"Wọ́n ti dákẹ́. Wọ́n rí i pé ẹ ti dé."

Ọ̀gá rẹ̀ dá a dúró níbi iṣẹ́, ó ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ó dá a dúró. Nílé, àbúrò mi kan fèrèsé yàrá rẹ̀ pa láti inú, ìṣó lórí ìṣó. Kò jẹ oúnjẹ tí màmá wa bá sè mọ́, àfi bísíkítì tó bá fúnra rẹ̀ tú nínú ọ̀rá. Òòlù rẹ̀ ń bẹ lábẹ́ ìrọ̀rí. Mo sọ fún màmá wa pé ká gbé e lọ sí ọsibítù kí ó tó di ohun tí apá ò ní ká.

"Kí ló ṣe é?" ó bi mí.

"Màmá, orí rẹ̀ ti ń dàrú."

Ó dìde dúró. "Ọmọ tí dókítà ń yẹ̀ wò látinú oyún. Bí nǹkan bá ń ṣe é, ṣé wọn ò ní rí i? Ṣé wọn ò ní sọ? Ìwọ tí ò ń ran ṣòkòtò lo wá mọ̀ ju yunifásítì lọ?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ kó máa ní rárá."

"Mo kọ́ ọ. Àmọ́ àwọn tó kàwé tó bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ irọ́ ni, ṣé wọn ò ní mọ̀?"

Ẹ bá mi wò ó. Obìnrin tó ń tan wọ́n jẹ ló wá ń fi dídákẹ́ wọn ṣe ẹ̀rí. Inú bí mi débi pé nígbà tí mo padà sídìí ẹ̀rọ, mo fi abẹ́rẹ́ gún ìka ara mi.

Nígbà tí Ìyá Ìbéèrè tún dé, ó ti ń darúgbó, gíláàsì rẹ̀ ti nípọn sí i, fóònù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan ló sì ń tẹ̀ dípò bébà. Inú yàrá tí àbúrò mi kàn pa yẹn ló ti bi í ní ìbéèrè, gílóòbù ń tàn lọ́sàn-án gangan. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí i tó ń wo àwọn ìṣó. Ó wò wọ́n pẹ́, ó wo ojú àbúrò mi, ó sì bi í bóyá ẹ̀rù máa ń bà á láìnídìí.

"Rárá," àbúrò mi wí, ó sì rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kó ti rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà tẹ fóònù rẹ̀, ó fò lọ sí ìbéèrè tó kàn.

Mo sáré tẹ̀ lé e nígbà tó jáde, mo dá a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà.

"Mà, ẹ rí fèrèsé yẹn."

"Mo rí i."

"Kí lẹ wá kọ?"

"Ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni mo kọ. Kò sí ìbéèrè kankan nípa fèrèsé níbẹ̀."

"Irọ́ ló ń pa fún yín. Màmá mi ló kọ́ ọ láti kékeré, gbogbo rẹ̀ pátá ni irọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wọlé, kí ẹ sọ fún màmá mi pé ara ọmọ yìí ò yá. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín nìkan ló lè gbọ́."

Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó nu ojú. Ó dùn ún, mo rí i bẹ́ẹ̀. "Mo gbé àbúrò rẹ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́," ó wí. "Ṣùgbọ́n wọn ò gbà kí n sọ fún ẹnikẹ́ni pé nǹkan kan ń ṣe é. Àyàfi tí òun fúnra rẹ̀ bá sọ pé òun fẹ́ pa ara òun tàbí ẹlòmíràn. Kò sọ ọ́ rí. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí ọ̀rọ̀ àwọn tí à ń wò, a ò ní mọ ohun tó ń ba èèyàn jẹ́ mọ́. Nítorí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni."

"Àwọn ọmọ yẹn ò tíì dé. Àbúrò mi ti dé."

Ó ní kí n gbé e lọ sí ọsibítù, ó sì ní òun á sọ ohun tí mo sọ fún wọn ní ọ́fíìsì. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi ò dákẹ́, ẹ sì gbọ́ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ó sọ ọ́ fún wọn lóòótọ́. Kò pẹ́ tí òun àti ọ̀gá wọn kan tó wọ bàtà dídán fi wá sílé wa. Ọ̀gá náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ti kọ́ ẹni yìí ní ìdáhùn, àwọn ò lè lo ohun tó bá sọ mọ́, yóò da ìṣirò àwọn rú. Ó ní àwọn ti yọ ọ́ kúrò nínú ìwádìí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá wa fún gbogbo ọdún tí wọ́n ti jọ wà, ó ní tí ara rẹ̀ kò bá yá, ká tètè gbé e lọ sí ọsibítù. Ìyá Ìbéèrè dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò lè wò mí lójú. Màmá wa ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó wọ̀ ọ́ létí ni pé wọ́n yọ ọ́ kúrò.

"Wọ́n ti dá a sílẹ̀," ó wí fún mi nígbà tí wọ́n lọ tán, omi lójú rẹ̀. "Wọ́n wò ó títí, wọn ò rí nǹkan kan."

Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi. Ó ní ìlara ló ń yọ mí lẹ́nu láti kékeré. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, àwọn aládùúgbò ti ń wọlé wá bá a yọ̀, àbúrò mi sì jókòó láàárín wọn nínú ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ó ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo yà sílé láti mú àlùmọ́gàjí tí mo gbàgbé. Màmá wa ti sùn lọ lórí àga. Àbúrò mi dúró lẹ́yìn rẹ̀, òòlù ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́. Mo pè é jẹ́jẹ́. Ó yíjú sí mi, kò bínú, kò gbọ̀n.

"Wọ́n ní kì í ṣe màmá wa," ó wí. "Wọ́n ní kí n ṣí i wò."

Mo rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo gba òòlù náà. Ó fún mi láìjanpata. Nígbà tí màmá wa jí tí mo sọ fún un, ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó ní àga òun tó ń mì ni ọmọ náà fẹ́ kàn.

Mo ní tí a ò bá lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ kejì, màá pe ọlọ́pàá, wọ́n á sì wá mú un lójú gbogbo àdúgbò. Ìyẹn ló gbọ́. Ó ní òun á tẹ̀ lé wa, kí dókítà lè dójú tì mí níṣojú òun. Àbúrò mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn. Ó wẹ̀, ó fá irùngbọ̀n, ó sì bi mí bóyá Ìyá Ìbéèrè ló máa wà níbẹ̀.

Dókítà tí a bá kò dàgbà jù mí lọ. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, látorí pákó dórí òòlù. Ó ń kọ ọ́, ó ń mi orí, ara mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Ó wá fa bébà kan jáde, ó yíjú sí àbúrò mi.

"Ṣé o máa ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́?"

Ìbéèrè wọn ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, bí wọ́n ṣe tò ó tẹ̀ léra náà ni. Láti inú ìwádìí yẹn ni àwọn dókítà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bèèrè. Àbúrò mi kó ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ó ronú díẹ̀.

"Rárá," ó wí.

Mo ti rí àwọn tó mọṣẹ́ láyé mi, mi ò rí irú èyí rí. Dókítà bèèrè, ó dáhùn. Ó wúkọ́ níbi tó yẹ, ó rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ. Dókítà bi í léèrè fèrèsé, ó ní nítorí olè ni. Ó bi í léèrè òòlù.

"Àga màmá mi ló ń mì, sà. Mo fẹ́ kàn án."

Màmá wa wò mí, ó mi orí. Ó sọ fún dókítà pé wọ́n ti ń yẹ ọmọ yìí wò látinú oyún, pé láìpẹ́ yìí ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì dárúkọ ìwádìí náà. Dókítà gbé kálàmù sílẹ̀.

"Ó wà lára àwọn ọmọ yẹn?" Ó ń wo àbúrò mi bí ẹni tó rí gbajúmọ̀.

"Wọ́n yọ ọ́ kúrò ni, sà," mo wí. "Wọ́n yọ ọ́ nítorí pé irọ́ ló ń pa. Àìsàn ló ń ṣe é."

"Mà, wọn kì í yọ aláìsàn kúrò níbẹ̀," dókítà wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Aláìsàn gan-an ni wọ́n ń wá." Ó wò mí dáadáa. "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, ṣé ẹ ń rí oorun sùn?"

Mo ní mi ò rí oorun sùn. Ó bi mí bóyá mo máa ń rò pé àwọn èèyàn ń gbìmọ̀ pọ̀ sí mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn tó jókòó síbí yìí. Ìbéèrè míràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lábẹ́ rẹ̀. Bó ṣe jẹ́ pé èmi tí ẹnikẹ́ni ò bi rí láyé mi ni wọ́n wá ń bi nìyẹn, mo sì ń dáhùn ní òótọ́, inú ń bí mi, ohùn mi ń lọ sókè, àbúrò mi sì ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Ó tiẹ̀ rọra mi orí sí mi, pé rárá, rárá ni kí n wí. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, àmọ́ èmi ni dókítà kọ oògùn fún. Ó sọ fún àbúrò mi pé kó máa tọ́jú mi.

A jáde. Màmá wa ló ṣíwájú, ó ń rìn kánmọ́kánmọ́, ọrùn rẹ̀ nà tọ́ọ́rọ́. Ó wù mí kí n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, kí n ké, ṣùgbọ́n wọ́n á kàn fi kún oògùn mi ni. Àbúrò mi di ọwọ́ mi mú.

"Àǹtí, mi ò ṣì í, àbí?"

"O ò ṣì í."

"Àwọn náà sọ bẹ́ẹ̀."

"Àwọn wo?"

"Àwọn tí dókítà ní ṣé mo ń gbọ́." Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́yìn ọrùn màmá wa. "Wọ́n ní ó ku kí n ṣí i wò."

Mo fún ọwọ́ rẹ̀ mọ́ inú ọwọ́ mi títí tí ìka mi fi ń dùn mí. Níwájú, lẹ́nu géètì, màmá wa dúró, ó yíjú padà, ó sì la apá méjèèjì sílẹ̀ fún un.